Ìbéèrè Kan Péré Nípa Òjò

Ìbéèrè kan péré ni wọ́n rán Mùíbátù! Kó bi Bàbá Jàlálù, àgbà àgbẹ̀ ní Ìlobù, bóyá òjò ti rọ̀ débi téèyàn lè gbin àgbàdo. Ìṣẹ́jú méjì lórí rédíò, tààràtà. Ó parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Mùíbátù, ilé-ìwé ló ní kó wá fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ìròyìn lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mò ń yí bọ́tìnnì ní sítúdíò, nítorí náà kò ṣojú mi. Etí mi ló ṣe.

Gbì! Orúnkún ọmọ balẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo jí?"

"Àlùhàmúdúlílàhì, sà."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà sà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí yín sà."

"Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́?"

Àbúrò márùn-ún ni Mùíbátù ní. Bàbá béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan! Nígbà tó fi máa kan ewúrẹ́ ilé wọn, ìṣẹ́jú méjì ti pé. Mo gé e.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí dànù, àmọ́ Ọ̀gá Ọlábánjí, olóòtú wa, ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ju ìwé iṣẹ́ Mùíbátù padà sí i. Bí ọ̀gá ò bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, ọmọ máa tún ọdún kan lò nílé-ìwé nìyẹn.

"Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan! Oníròyìn kì í kúnlẹ̀. Lọ́la, èmi fúnra mi á bá ọ lọ, wàá rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Mùíbátù sunkún títí ojú ẹ̀ wú. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ilẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wọ kóòtù funfun báláú, ó di táì, ó di Ìlobù. Mo ṣí ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé òjò ti..."

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "Ta ló ń kí mi lóòró báyìí?"

"Ọlábánjí ni sà. Láti Ìfọ́n."

"Ìfọ́n? Ọmọ Tísà Ọmọ́wùnmí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Àbí kò ní rédíò nílé ni?"

Ó ní! Gbogbo Ìfọ́n ló mọ̀ pé Màmá Tísà kì í pa rédíò.



Pọ̀ọ̀ṣọ̀!

Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti máìkì lọ́wọ́.

Fààààà! Aṣọ kan ya.

Gbulu, gbulu, gbulu. Máìkì ń mu omi.

Yéè, ìfun mi! Orí tábìlì ni mo dojú dé, tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Ó ku díẹ̀ kí àkókò pé. Mùíbátù fa máìkì yọ nínú ẹrẹ̀, ó nù ún fáà, fáà.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, òjò ti rọ̀ ní Ìlobù o! Ó rọ̀ dáadáa. Ọ̀gá wa ló ń jẹ́rìí sí i nílẹ̀ níbí. Kóòtù wọn ò funfun mọ́. Táì wọn wà nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Ní ti ṣòkòtò wọn, ó ti ya láti ìbàdí títí dé..."

Ohùn kan ké láti ilẹ̀, gbogbo Ọ̀ṣun gbọ́ ọ:

"Mùíbátù! Gbé ìwé yẹn wá kí n fọwọ́ sí i!"