Ogójì Àpò Iyọ̀ Arówólò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n bi yín. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí kò fọ́n iyọ̀, kó má pe èèyàn wá bá òun yọ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kì í kúkú ṣe àwọn àgbà Ìwó tàbí Ìlá ló pa á. Àwọn àgbà tiwa tó wà ní Winnipeg ni, ní Kánádà lọ́hùn-ún, níbi tí òtútù ti ń mú títí tí imú èèyàn á fi dà bí imú ẹlòmíì.

Arówólò, ọmọ Ìpetumodù, ló fà á. Bàbá ìyàwó rẹ̀, Bàbá Fágbèmí, ló bá a bẹ Alhája Múnírátù kó fi í ṣe alábòójútó ṣọ́ọ̀bù márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Alhája yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni màá mọ̀. Bó bá lọ geerege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá lọ geerege, kó máa bá tirẹ̀ lọ." Arówólò nílò iṣẹ́ náà lójú méjèèjì. Ó ti ń jẹun nílé àna láti ọdún kan, ara kì í sì í tu ọkùnrin níbẹ̀.

Bí ìgbà òtútù ṣe ń wọlé, Alhája já ogójì àpò iyọ̀ sílẹ̀ fún un.

"Kí ojú ọjọ́ tó yí padà ni kí o ti fọ́n ọn síwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù o. Bí òjò bá dì mọ́lẹ̀, iyọ̀ ní í yọ́ ọn."

"Ó ti yé mi, mà."

Irọ́ ni, kò yé e. Iyọ̀ tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, kí géńdé ọkùnrin wá máa fọ́n ọn sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ? Ó kó gbogbo rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó fi tapólì bò ó, ó tilẹ̀kùn. Pátákó ló gbájú mọ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé Ẹ WÁ BÁ WA YỌ̀, ó sì gbé e kọ́ sẹ́nu géètì.

Òjò wẹẹrẹ kan rọ̀ ní ìdájí Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, òtútù sì dì í mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Nígbà tí Arówólò yọjú, ilẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wo bí ojúde ṣe mọ́ tónítóní!"

Bàbá Fágbèmí ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìkejì ò bá a lọ. Gbì! Ó dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ ọmọ rẹ̀.

Jìnnìjìnnì bo Arówólò. Àna òun ń dọ̀bálẹ̀ fún òun! "Hàà, Bàbá! Èèwọ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!" Ó sáré kó lè dọ̀bálẹ̀ ju Bàbá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró síbi tó ti dọ̀bálẹ̀. Àyà ló fi yọ̀ kọjá lára Bàbá, ó ń kí i bó ṣe ń lọ. "Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ kú ọ̀nà, sà! Ó dàbọ̀, sà!"

Alhája ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni Arówólò gbá a lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà jókòó lé e lẹ́yìn, wọ́n jọ ń lọ. Àwọn àlejò tó wà nínú mọ́tò rò pé eré ìkíni káàbọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ́ jáde láti bá wọn yọ̀. Wọ́n sì bá wọn yọ̀. Aránṣọ yọ̀, pásítọ̀ yọ̀, ẹni tó gbé kéèkì yọ̀, kéèkì náà yọ̀.

Abẹ́ pátákó ẹnu géètì ni Alhája yọ̀ jókòó sí. Ó gbójú sókè, ó kà á jẹ́ẹ́.

"Arówólò, iyọ̀ mi ńkọ́?"

"Mo tọ́jú ẹ̀, mà. Ẹyọ kan ò ṣòfò."

"Ó káre. Bí o bá lè fọ́n ọn dé ibi tí mo jókòó sí yìí kí ẹlòmíì tó ṣubú, iṣẹ́ di tìẹ. Bí ẹnì kan bá ṣubú, máa yọ̀ lọ sílé."

Arówólò rákòrò lọ kó iyọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn bí ọmọ tí kò tíì tẹsẹ̀. Ó fọ́n iyọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fọ́n ọn sábẹ́ mọ́tò, ó fọ́n ọn sínú bàtà pásítọ̀. Ó ń kígbe, "Ẹ má dìde o! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó!" Wọ́n bá a jókòó. Nígbà tó ku àpò kan, Alhája fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, Arówólò sì rí iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé ìpè wá fún àwọn àgbà Winnipeg, wọn kì í béèrè oúnjẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ìbàdí, wọ́n á wo onítọ̀hún láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n á ní: ẹni tí kò fọ́n iyọ̀, kó má pe èèyàn wá bá òun yọ̀.