Ìkéde Ààfin Lórí Ọ̀nà Tí Rájí Bíríkìlà Ń Bèèrè

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, ẹ gbọ́ o! Onílé, ẹ gbọ́! Ayálégbé, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ti fèrèsé nítorí pé ẹ rí mi lókèèrè, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí!

Kábíyèsí ní kí n kí yín. Wọ́n ní inú àwọn kò dùn.

Ọ̀rọ̀ Rájí bíríkìlà ni. Òun ló mọ ilé tí ẹ ń gbé. Òun náà ló mọ ògiri ilé ìwé tó tẹ̀ síwájú bí ẹni ń kí àna rẹ̀. Ó ti mutí yó kó tó mọ ìyẹn. Sífáwù ìyàwó rẹ̀ ti wá sọ̀rọ̀ níwájú ọba: bí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí bá kọjá, tí Rájí kò dé ìpàdé àwọn tó ti gbé ife kalẹ̀, ilé bàbá òun yá! Ẹrù rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Kábíyèsí fojú ara wọn rí i. Ìkòkò ọbẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Obìnrin tó bá ti di ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́rù kò ṣàwàdà mọ́.

Ìpàdé yìí wà nílùú yìí. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ló ń jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń gba ara wọn níyànjú. Rájí fẹ́ lọ. Rájí bèèrè ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bèèrè! Ta ló júwe? Kò sí! Ẹni tó bá ní òun mọ ibẹ̀, wọ́n á ní kí ló gbé e débẹ̀. Ni gbogbo ìlú bá di àlejò nílùú ara wọn!

Lọ́sẹ̀ kìíní, Olóyè Adégoróyè ní bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni. Rájí, ọmọ lẹ́mọ́ọ̀mù, bọ́ sáàrin àwọn akọrin. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn. Wọn kò jẹ́ kó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà àgbà darí rẹ̀ sí ìpàdé àwọn tó ń lẹ táyà. Wọ́n ti fi Rájí ṣe akọ̀wé. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó bi ènìyàn mẹ́fà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nàka síbì kan ṣoṣo: ìsọ̀ ẹlẹ́mu! Ìyẹn ni wọ́n lè jẹ́wọ́ pé àwọn mọ̀. Rájí kò padà wálé títí di Ọjọ́ Ẹtì.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Òfin kìíní. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ọ̀nà ìpàdé kò gbọ́dọ̀ gbójú sókè bí ẹni ń ka ẹyẹ. Ẹni tó bá rú u, yóò ka ẹyẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò sì mú iye wọn wá sí ààfin.

Òfin kejì. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan ló ń bèèrè. Ọ̀rẹ́ yẹn ti pọ̀ jù! Láàrin àwọn ìjòyè nìkan, ó ti di mọ́kànlélógún. Kí ọ̀rẹ́ máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá!

Òfin kẹta. Ẹni tó ń lọ sípàdé kò gbọ́dọ̀ fa ewúrẹ́ dání bí ẹni ń wá koríko. Ewúrẹ́ Olóyè Adégoróyè ti jókòó sí ìpàdé nígbà mọ́kànlá. Ewúrẹ́ náà kò mutí rí. Ẹ jẹ́ kó sinmi!

Òfin kẹrin. Ẹ fò ó. A ti dán an wò ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. A ní kí gbogbo ìlú kọjú sí ògiri, bí ìgbà tí orò ń kọjá, kí ẹni tó ń lọ lè lọ láìsí ojú tó ń wò ó. Ọ̀nà kún fún àwọn tó ń lọ! Ẹmẹ̀wà tí ọba rán láti mọ ọ̀nà náà kò lè sọ ibi tí wọ́n gbà, nítorí òun ló ṣáájú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló pa òfin mọ́. Rájí ni. Ó kọjú sí ògiri títí aago mẹ́fà fi lù.

Òfin karùn-ún, ó sì le! Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, kó nawọ́ sókè nísinsìnyí.

Mo ń dúró.

Mo ṣì ń dúró. Olóyè Adégoróyè, ṣé ọwọ́ lẹ nà ni àbí ẹ ń lé eṣinṣin? Eṣinṣin ni. Ẹ kú iṣẹ́.

Ìwé ọba parí síbẹ̀.

Rájí. Mo rí ọ lẹ́yìn òkìtì yanrìn. Ẹ̀yìn dìsípẹ́ńsárì ni. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù. Fèjìká tì í, ó máa ń há lásìkò òjò. Má jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá òsì, ìṣó kan yọrí níbẹ̀, ó ti ya ṣòkòtò mi méjì. Wọn kò ní bi ọ́ ní ọmọ ta ni ọ́. Wọ́n á bu omi fún ọ. Bí ọwọ́ rẹ bá ń gbọ̀n, má tijú, ife oníke ni, kì í fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, ẹ bi mí. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń jókòó níbẹ̀.

Rájí, màá yà sílé rẹ ní Ọjọ́bọ̀, kí aago mẹ́rin tó lù. N kò ní lu agogo.

Èyí tó ṣáájú, ẹnu ọba ni. Èyí tó kẹ́yìn, ẹnu èmi Láṣùpọ̀ akéde ni. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tó bá rí àwa méjèèjì lọ́nà, kó kí wa. Ó tán lẹ́nu mi o!