Awọ Igi Orville Tenbrook

Ẹ bá mi kí Orville Tenbrook, Agbé-pákó-yangàn, ọkọ Lorna, ẹni tó máa ń kan sáárá sí ara rẹ̀ kí àwa yòókù tó jí.

Ní abúlé wa lórí òkè Vermont, ọwọ́ ara wa la fi ń ṣe síkì, pákó gígùn méjì tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín. Bí a bá ṣe é tán, a ó lẹ awọ igi tó fẹ́lẹ́ bí ìwé mọ́ ojú rẹ̀, kó lè rẹwà. Igi maple ẹ̀yìnkùlé wa là ń lò, a sì ń da oje dídán bò ó kí omi má baà wọ̀ ọ́. Orville ní igi tálákà nìyẹn.

Tirẹ̀, ó ní, òkèèrè ló ti wá. Lóòótọ́, ó pọ́n bí oyin. Kò da nǹkan kan bò ó. Ó ní ẹni tó fẹ́ arẹwà kì í da aṣọ bò ó lójú. Roscoe, aládùúgbò mi, sọ fún un pé ẹni tó fi ìwé rán ṣòkòtò kì í bẹ́ sódò. Orville fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Roscoe àtàwọn mìíràn ní kó bá àwọn wá irú igi náà, ó gbowó wọn tayọ̀tayọ̀.

Ìdíje síkì tó rẹwà jù ń bọ̀, níbi tí oníkálukú ti máa ń fi tirẹ̀ yọ̀ láti orí òkè wá síwájú àwọn adájọ́. Orville fúnra rẹ̀ ló pe ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Philippa, tó lọ yá oòrùn ní Florida, pé kó wá wo àna rẹ̀ bó ṣe ń tàn. Màmá dé, ó jókòó níwájú.

Oòrùn ti ń yọ́ yìnyín lọ́jọ́ náà, gbogbo ilẹ̀ rin gbingbin. Kí Orville tó sọ̀ dé ìdajì òkè, awọ igi náà ti wú, ó nà sókè bí etí ehoro. Agbé-pákó-yangàn ta òkìtì, ó yí gbirigbiri wá sísàlẹ̀, ó sì fi àyà lu ilẹ̀ níwájú àwọn adájọ́.

Ó dìde kíá, ó nawọ́ sí àmì dúdú róbótó kan lára síkì.

"Ẹ wo ojú igi yìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni Ọlọ́run fi yà á."

Màmá Philippa wọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

"Èmi ni mo yà á, Orville. Ìkòkò kọfí mi ló jó o lọ́jọ́ tí mò ń rọbí Lorna. Tábìlì mi dà?"

Òkèèrè kò ju yàrá ẹ̀yìn ilé Orville lọ, níbi tí Màmá gbé tábìlì rẹ̀ pamọ́ sí kó tó lọ Florida. Lorna rọra bi ọkọ rẹ̀ bóyá ibẹ̀ náà ni áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ òun tó sọnù wọlé sí. Ooru áyọ́ọ̀nù àti aṣọ tútù ni Orville fi bó awọ tábìlì aláìṣẹ̀. Roscoe béèrè pé bí tábìlì bá ti tán, níbo ni tàwọn tó ti sanwó yóò ti wá.

Orville ṣì ń wá irọ́ tí yóò pa nígbà tí ìyàwó pásítọ̀ dìde.

"Ṣé ìdí tí o fi ń wọn dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi nìyẹn?"

Adájọ́ kan rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Màmá Philippa kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa awọ tábìlì rẹ̀ lórí yìnyín, ó ń kó o sínú báàgì, Orville sì ń bá a gbé báàgì náà tẹ̀lé e.