Òkúta Pupa Tí Àníkẹ́ Bèèrè

Ẹjọ́ kan gbé ìfẹ́ wọ ààfin Baálẹ̀ àwa Ànàgó ní Lomé lánàá, ìfẹ́ ọ̀hún sì ń tiro.

Àníkẹ́ aránṣọ ló pe ẹjọ́. Ràṣídì, akọ̀wé ní wọ́ọ̀fù tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló pè lẹ́jọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé kásìkì, akẹtẹ̀ líle òyìnbó, sábẹ́ apá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Baálẹ̀, mo sọ fún un pé òkúta pupa ni mo fẹ́ lórí òrùka mi, pupa bí ògúnná, òkúta gidi. Ẹ wo ohun tó mú wá."

Baálẹ̀ gbé òrùka sójú ìmọ́lẹ̀. Òkúta náà jọ ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

"Ràṣídì, ṣé pupa rèé?"

"Pupa ni, Bàbá. Kí là ń pe inú ẹyin adìẹ? Ṣebí pupa ẹyin ni. Ṣé ó jọ ògúnná? Àníkẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo Lomé ló ń pè é ní Àníkẹ́ Pupa, ẹ̀jẹ̀ ò sì bò ó lára. Mo wá òkúta tó bá awọ rẹ̀ mu. Ìfẹ́ ni, mà ṣẹ́ẹ̀rì, olólùfẹ́ mi."

"Èmi kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀rì rẹ," Baálẹ̀ dáhùn.

Ọ̀rọ̀ Ràṣídì wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ti ń retí kí Àníkẹ́ ṣubú lé e láyà. Àníkẹ́ pòṣé.

"Níbo lo ti rí òkúta náà?" Baálẹ̀ bi Ràṣídì.

"Inú ọkọ̀ òkun tó ti Màsáì nílẹ̀ Faransé dé ni, Bàbá. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́."

Ìbítóyè alágbẹ̀dẹ wúrà, tó ṣe òrùka náà, dìde láti jẹ́rìí gbè é. "Òkúta gidi ni. Orí òkè Kpalimé ni wọ́n ti wà á, reluwé ló gbé e wá."

"Ọkọ̀ òkun wá gun òkè Kpalimé," Baálẹ̀ ní. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé gidi ni?"

"Òkúta gidi a máa tutù lórí ahọ́n, gíláàsì a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo fi ahọ́n kàn án, ó tutù nini."

"Níbo lo ti mú un kí o tó kàn án?"

"Nínú ìkòkò omi."

Sàfúrátù tó ń ta lọ́fíńdà kò dúró kí wọ́n pe òun. "Ẹ fi imú kàn án, Baálẹ̀. Orí ìdérí ìgò lọ́fíńdà tí mo tà fún Ràṣídì ni wọ́n ti gé e. Ó ní òórùn rẹ̀ lòun ó máa fi rántí Àníkẹ́."

Baálẹ̀ gbóòórùn òrùka, ó sín.

"Ràṣídì, kí lo sọ lọ́jọ́ tí o lọ tọrọ ìyàwó?"

Ràṣídì gbé àyà sókè. "Mo ní, 'Bàbá, pupa ilé yín ni mo wá tọrọ, n ò fẹ́ òmíràn.'"

"Ó dára. A ò ní já ọ kulẹ̀. Àgbébọ̀ pupa kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá Àníkẹ́. Òun gan-an ló ni pupa ẹyin. Òun la fi fún ọ, Ìbítóyè ni alárinà. Àníkẹ́, máa lọ sílé. Ọwọ́ rẹ ṣófo, ó sì dára bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé ìyàwó dé. Ràṣídì kúnlẹ̀, ó na òrùka sí i. Àgbébọ̀ náà ṣá òkúta ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó yíjú sílẹ̀, ó sì ṣa òkúta gidi jẹ.