Mọ́tò Ńlá Lójú, Kékeré Lẹ́nu

Bí ẹ bá dé Àtìkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ ò sì mọ Alhaji Yínúsà, ẹ má dààmú, òun fúnra rẹ̀ yóò wá sọ ara rẹ̀ fún yín. Yínúsà Afagbádá-gbálẹ̀-títì, Yínúsà Mo-ti-mọ̀-kí-ẹ-tó-sọ, ọkọ Abibat, ẹni tí kì í kí èèyàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo bàtà onítọ̀hún. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn ibi iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà láràárọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Yínúsà ń wá láyé, ìyẹn ni oyè Bàbá Àdínì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti papò dà, àga rẹ̀ sì ṣófo. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Yínúsà ń fi ojú wọn àga náà bíi télọ̀ tó ń wọn aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe kó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Alfa Mùbàṣírù, àgbẹ̀ olóko kòkó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì ń gun ọ̀kadà lọ síbi gbogbo láìtijú.

Ní ti Yínúsà, kí èèyàn tó jẹ Bàbá Àdínì, mọ́tò rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Èyí tó sì ní nígbà náà kò lè jẹ oyè kankan, epo nìkan ló mọ̀ ọ́n jẹ. Àjẹìyó làwọn ará àdúgbò sọ mọ́tò ọ̀hún. Ó ti gbé ọ̀gá rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó gba Òru, Awà àti Ìlápòrú kọjá dé Àgọ́-Ìwòyè fún ọdún gbọọrọ. Míítà rẹ̀ ka máìlì títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Nígbà tí bẹtiróòlù wá gbówó lórí, Àjẹìyó kò mọ̀ pé ayé ti yí. Bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń mu ún, ó sì ń tú èéfín bí ẹni tó ń fi igi tútù dáná.

Abibat, ìyàwó Yínúsà, tíṣà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Bàbá Fuad," ó ní, "tíṣà kan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀. Kékeré ni, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ó ní téèyàn bá lọ Àgọ́ tó bọ̀, kò ní mọ̀ pé ó mu epo."

Yínúsà rẹ́rìn-ín àgbà. "Ìyá Fuad, ṣé inú ìyẹn ni Bàbá Àdínì á ti máa yọ jáde bí ìgbín nínú ìkarahun? Mọ́tò tí mò ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ ńlá lójú, kékeré lẹ́nu."

"Ńlá lójú, kékeré lẹ́nu?" ni Abibat wí. "Èyí tó wà nínú ilé yìí, ẹnu rẹ̀ ló tóbi jù."

Yínúsà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́. Tòkunbọ̀ gidi, tí ọmọ Nàìjíríà kankan ò fi ìdí kan àga rẹ̀ rí."

Kò pẹ́ sígbà náà, Yínúsà ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ nígbà tó rí mọ́tò dúdú ńlá kan lábẹ́ igi ọdán ní Ìlápòrú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Páálí kan wà lójú gíláàsì iwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: ỌKỌ̀ TÒKUNBỌ̀. TÍTÀ NI. Fáìzàh, obìnrin kan tó ń ta omi tútù lẹ́bàá ibẹ̀, ló ń bá wọn ṣọ́ ọ.

"Àǹtí," Yínúsà ní, "ṣé tòkunbọ̀ ni lóòótọ́?"

"Tòkunbọ̀ ni, sà. Kò sẹ́lòmíì tó wà á rí lẹ́yìn Tòkunbọ̀."

"Ìgbà wo ló dé?"

"Àná ló dé. Láti etí omi tààrà ni wọ́n ti wà á wá."

Etí omi. Lójú ẹsẹ̀ ni Yínúsà ti rí èbúté Èkó lọ́kàn rẹ̀, ó rí ọkọ̀ ojú omi tó ga bí òkè, ó rí òyìnbó tó ń juwọ́ ó-dàbọ̀ sí mọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé omi tó wà láyé ju ẹyọ kan lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá a sọ ọ́.

"Epo rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í mu ún jù?"

"Èmi ò mọ̀ o, sà. Tòkunbọ̀ ò wí fún mi."

Yínúsà gbà pé òwe ni. Fáìzàh wá dá iye lé e, iye ọ̀hún kò sì ju ti ògbólógbòó mọ́tò tí wọ́n ti lò gbó nílẹ̀ yìí. Ọkàn Yínúsà fò sókè. Obìnrin yìí ò mọ iye tí wọ́n ń ta tòkunbọ̀! Èèyàn rere ì bá là á lójú, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn rere fẹ́ fi mọ́tò ńlá ṣe? Ó fajú ro, ó ní ó ti wọ́n jù, ó yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó sì sanwó kí ojú obìnrin náà má baà là.

"Ẹ ò ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò?" ni Fáìzàh bi í.

"Kí ni mẹkáníìkì fẹ́ yẹ̀ wò lára tòkunbọ̀?"

Bó ṣe wà á lọ nìyẹn, ó fi Àjẹìyó sílẹ̀ lábẹ́ igi ọdán láìwẹ̀yìn, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Àwọn àgbà ní ojú olójú là ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Kí oṣù tó parí, Yínúsà ti mọ òótọ́ kan tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló wà nínú mọ́tò ọ̀hún, ẹ̀gbọ́n Àjẹìyó sì ni. Bí ó bá ti ń gun òkè, abẹ́rẹ́ epo á máa sọ̀ kalẹ̀ lójú Yínúsà kòrókòró. Èèyàn tó bá nítìjú á gbà pé òun ṣàṣìṣe. Yínúsà ní tirẹ̀ lọ ra kẹ́ẹ̀gì. Ó ń ra epo sínú rẹ̀, ó ń kó o sí búùtù, bó bá sì ti dé ibi tí ojú kò sí, á rọ ọ́ sínú táńkì.

Nígbà tó bá wá dé mọ́ṣáláṣí, á ní, "Èmi ò rántí ìgbà tí mo dúró nílé epo kẹ́yìn. Mọ́tò mi ń gba ààwẹ̀."

Àwọn èèyàn á ní máṣà-Állàhù. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó ń gba ààwẹ̀ a máa jẹ sààrì, àti pé sààrì mọ́tò Yínúsà wà nínú búùtù.

Ọ̀rọ̀ éésì tún wà níbẹ̀. Éésì ń jẹ epo, nítorí náà Yínúsà kì í tàn án. Bó bá sì sọ gíláàsì kalẹ̀, ayé á mọ̀ pé kò tàn án. Kí ló wá ṣe? Ó yí gbogbo gíláàsì sókè láìtan éésì. Inú mọ́tò á gbóná bí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, òógùn á máa ṣàn wọnú bàtà rẹ̀, òun á sì máa rẹ́rìn-ín sí àwọn ọlọ́kadà lójú títì bí ẹni tí òtútù ń mú. Bí ooru bá ti mú dáadáa, òórùn kan á rọra jáde látinú àga.

"Bàbá Fuad, kí ló ń rùn?"

"Òórùn òkè òkun nìyẹn. Gbogbo tòkunbọ̀ ló ní in."

"Ó jọ òórùn ẹja."

"Òkun tí kò bá lẹ́ja, ṣé òkun ni?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé wọ́n fẹ́ ṣí mọ́ṣáláṣí tuntun ní Makun-Omi, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún létí ọ̀sà. Lémọ́mù wọn ní Àtìkòrí sọ pé níwájú gbogbo àwọn Lémọ́mù tó máa péjọ síbẹ̀ lòun ti máa kéde ẹni tí àwọn yàn ní Bàbá Àdínì. Kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Yínúsà dìde.

"Bàbá Lémọ́mù, ẹ ò ní wọ bọ́ọ̀sì. Inú tòkunbọ̀ lẹ ó jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí Alfa Mùbàṣírù náà wọlé sẹ́yìn, kó lè mọ bó ṣe ń rí. Láti ibí dé Makun-Omi, n ò ní yà nílé epo kankan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Abibat bá àwọn obìnrin Asàlátù wọ bọ́ọ̀sì tiwọn. Nínú tòkunbọ̀, gíláàsì wà lókè, òórùn òkè òkun sì jáde kí wọ́n tó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde. Láwàní Lémọ́mù rin gbingbin. Níbi tí ọ̀nà bá ti sọ̀ kalẹ̀, Yínúsà á fi sí fírì, á pa iná mọ́tò, kó lè ṣọ́ epo lò.

"Yínúsà, ṣé ó ti kú ni?" ni Lémọ́mù bi í.

"Rárá, Bàbá. Ó ń sinmi."

Fìlà ni Mùbàṣírù ń fi fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n wọ Makun-Omi, àwọn ológbò tó sùn sábẹ́ ìsọ̀ dìde, wọ́n tẹ̀lé mọ́tò. Yínúsà ní ẹ ò rí i, ẹranko pàápàá mọ ohun tó dára. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí gan-an níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wọlé.

Wọ́n kírun, wọ́n ṣe wáàsí. Ó ku kí Lémọ́mù dìde láti ṣe ìkéde nìkan, nígbà tí ẹni tó di gbohùngbohùn mú sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ni ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tó wà níta, kó dìde. Àwọn obìnrin ń retí ẹ̀."

Orí Yínúsà wú. Òkìkí mọ́tò rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ó rọra dìde, ó ṣẹ́ agbádá lé èjìká ọ̀tún, ó ṣẹ́ ẹ lé tòsì, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí i. Bó ṣe dìde ni bàbá arúgbó kan náà dìde ní ìlà iwájú.

"Ẹ jókòó, Bàbá," Yínúsà ní. "Èmi ni wọ́n ń pè. Èmi ni mo ni tòkunbọ̀."

"Ẹ ni ta?" ni bàbá náà wí. "Èmi ni Tòkunbọ̀."

"Mọ́tò ni mò ń wí."

"Mọ́tò mi náà ni wọ́n ń wí. Adétòkunbọ̀ lorúkọ mi, Tòkunbọ̀ ni gbogbo Makun-Omi ń pè mí. Mo ní kí ìyàwó ọmọ mi bá mi tà á ní Ìlápòrú. Àbí ẹ̀yin lẹ rà á? Ẹ ṣeun gan-an o. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó máa rà á."

Ilẹ̀ kì í là nígbà tí èèyàn bá nílò rẹ̀. Yínúsà wo ilẹ̀, ilẹ̀ náà wò ó.

"Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó tòkun bọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀sà yìí nìkan ni mọ́tò yẹn mọ̀. Òun ni mo fi ń kó ẹja àwọn obìnrin wa lọ sọ́jà Ìjẹ̀bú-Òde láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Wọn ò tíì mọ̀ pé mo ti tà á, wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà."

"Tọ̀sàbọ̀ ni nígbà náà," lẹ́nì kan wí láti ẹ̀yìn, mọ́ṣáláṣí sì bú sẹ́rìn-ín.

Gbogbo wọn tú síta. Àwọn ẹlẹ́ja ti gbé agbọ̀n ẹja wọn yí mọ́tò ká. Búùtù tí Yínúsà rò pé òun tì pa, ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbá a tó fi ń ṣí, wọ́n sì ti gbá a. Wọ́n ń kó kẹ́ẹ̀gì jáde, wọ́n ń tò ó síwájú Lémọ́mù.

"Ta ló kó bẹtiróòlù síbi tí ẹja wa ń wà?" ni ọ̀kan nínú wọn ń bèèrè. "Ṣé epo tí wọ́n fi ń dín ẹja nìyí?"

Lémọ́mù wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Yínúsà. "Alhaji, ṣebí o ní ó ń gba ààwẹ̀?"

Ìgbà yìí ni Mùbàṣírù tó la ẹnu. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣínu ni, Bàbá."

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́ kí n tà á?" ni Tòkunbọ̀ wí, ojú àánú ló fi ń wo Yínúsà. "Epo tó ń mu ló lé mi sá. Kékeré onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mò ń wá báyìí."

Abibat yọ láàárín àwọn Asàlátù. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rín sì ń pa á, ẹ̀rín ló borí. "Bàbá, mo mọ tíṣà kan tó fẹ́ ta irú ẹ̀," ó ní.

Ìta gbangba níbẹ̀ ni Lémọ́mù ti gba gbohùngbohùn, ó ní Alfa Mùbàṣírù ni Bàbá Àdínì, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn. Wọ́n ní àmín. Yínúsà náà ní àmín, nítorí ojú ti tì í débi pé kò mọ ohun mìíràn tí ẹnu rẹ̀ lè ṣe. Lémọ́mù àti Bàbá Àdínì tuntun bá bọ́ọ̀sì àwọn obìnrin lọ sílé.

Ìyá arúgbó kan nínú àwọn ẹlẹ́ja, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, fa ọmọ rẹ̀ láṣọ. "Kí ni wọ́n ní alágbádá yìí fẹ́ jẹ?"

"Bàbá Àdínì."

"Bàbá Adínja?" Ìyá náà mi orí. "Ó tọ́ sí i. Mọ́tò ẹja ló ní, òun náà ló kó epo wá."

Ó ṣa ẹja tútù kan tó sanra, ó kì í bọ Yínúsà lọ́wọ́. Gbogbo èrò ní, "Bàbá Adínja." Orúkọ náà kò mu epo rárá, síbẹ̀ ó dé Ìjẹ̀bú-Igbó ṣáájú rẹ̀.