Èmi Tí Mo Gbógun Ti Òórùn Dídùn

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá ti rántí rẹ̀, màá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú á wá tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo jókòó.

Igbákejì ọ̀gá ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Fate. Àlímọ̀t, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ tèmi jù. Ó ní ikọ́ fée. Bí lọ́fínńdà bá ti ta sí i nímú, àyà rẹ̀ á há, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀gá wa ti sọ fún un pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lọ jókòó sílé. Ọmọ yìí ló sì ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo bá ṣòfin, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá olùkọ́: kò sí lọ́fínńdà, kò sí bínítù, kò sí ìpara olóòórùn. Láràárọ̀, èmi fúnra mi á dúró sí géètì, màá máa fi imú wá nǹkan kiri ara àwọn èèyàn bí ewúrẹ́. Mo gbóòórùn ọrùn ọ̀gá pàápàá. Ó ní, "Àlájà, ṣé ẹ fẹ́ rà mí ni?" Ó yẹ kí n ti jáwọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń wí, Ústáàsì tó ń kọ́ni ní kéwú dé pẹ̀lú jalabíà funfun. Mo ní bínítù wà lára rẹ̀.

"Wọ́láì, ọṣẹ lásán ni mo fi wẹ̀."

Mi ò gbà. Mo dá bàbá àgbàlagbà padà sílé lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àyà Àlímọ̀t há. Mo sáré gbé orí rẹ̀ lé àyà mi, mo ń fi etí híjáàbù mi fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. Bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ ni mímí ń le sí i. Ó ń fọwọ́ tì mí. Mo ní, "Má bẹ̀rù, mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀," mo tún dì í mọ́ra gírígírí. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu ti tán. Mo gbé e sínú ọkọ̀ mi, ó di ọsibítù. Mo tún ti gbogbo wíńdò, kí eruku má bàa dà á láàmú.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò tíì kí wa tó fi bi wá pé, "Ta ló sun tùràrí?"

Mo wẹ̀yìn, mò ń wá Ústáàsì tí mo ti lé lọ sílé.

"Ẹ̀yin ni, Àlájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta."

Ọmọ Gàm̀bàrí ni ìyá tó bí mi. Nílé wa, bí a bá fọ aṣọ tán, a máa ń dà á bo ìkòkò tí tùràrí ń jó nínú rẹ̀, kí èéfín wọ̀ ọ́ dáadáa. Lójú tiwa, aṣọ tí kò bá tíì gba èéfín, kò tíì mọ́. Mi ò kà á kún òórùn rárá, imú mi ti gbàgbé rẹ̀. Ti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo sì máa ń fín jù.

Wọ́n fún Àlímọ̀t ní atẹ́gùn, ó sàn, alihamudulilahi. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo bi í bóyá ó mọ̀ pé èmi ni.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan lẹ gbèjà mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́?"

Mo lọ bẹ Ústáàsì nílé. Ó ní òun náà gbóòórùn tùràrí lára mi ní géètì, òun rò pé òfin ò kan irú àwa ọ̀gá ni. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Àlímọ̀t ò padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ mi ò ràn án. Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tí a torí rẹ̀ ṣòfin ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Gbogbo èèyàn ni mo fi imú yẹ̀ wò nílé-ìwé yẹn, mi ò fẹnu bi Àlímọ̀t lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló ń ni ín lára.