Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Tà Ní Bòókẹ́lẹ́

Bí mo bá di arúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé Sátidé kan báyìí ní Roodepoort, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà níbí.

Irun ni mò ń dì ní Hillbrow nígbà yẹn, lórí àga tí mo háyà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ló ń jẹ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n owó ò sí. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan tó ń jẹ́ Thandi, tó ń bá bàbá arúgbó kan tọ́jú ilé, sọ fún mi pé bàbá náà fẹ́ ta ilé rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́: kò fẹ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ ariwo. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Èmi tí mi ò lówó bíríkì kan! Mo ní màá wá ẹni tó lówó, òun á rà á, wọ́n á fún èmi alárinà ní tèmi.

Ẹni tó lówó náà ni Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, tó ń ta páàtì mọ́tò, tó ń gbé ní Fourways. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá mọ ilé náà, á fò mí dá, á lọ bá bàbá fúnra rẹ̀. Mi ò sọ àdírẹ́sì fún un. Kódà, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i wò, mi ò kọ nọ́ńbà tí Thandi pè fún mi síbì kankan. Orí mi ni mo kó o sí, orí tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun ń hó lé látàárọ̀ dalẹ́!

Nígbà tí èmi àti Bọ̀ọ̀dá dé nọ́ńbà fọ́tì ní Roodepoort ní Sátidé náà, géètì ṣí sílẹ̀, mọ́tò kún iwájú ilé. Àwọn mìíràn ti gbọ́! Mo fa Bọ̀ọ̀dá lọ́wọ́, a sáré wọlé. Àwọn àgbà mẹ́rin jókòó ní pálọ̀, wọ́n múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin la ti ń retí. Kí lẹ bá wá?"

Mo ní, "Sà, a gbọ́ pé ohun rere kan wà nílé yìí tí ẹ ò fẹ́ pariwo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ṣetán láti sanwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí. Mo rò pé mo gbọ́n nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Ọdún mélòó ló jẹ́?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Ó ti gbó díẹ̀. A máa ní láti tún un kùn. Mo sì fẹ́ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò dáadáa ká tó sọ iye."

Àgbà kan gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde. "Ẹ̀yìn ọmọ mi?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ọmọbìnrin kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká yọjú, ó wo Bọ̀ọ̀dá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó figbe ta: "Eish! Ta nìyí?" Àṣé owó orí ìyàwó, tí wọ́n ń pè ní lòbólà níbí, ni wọ́n jókòó dè. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ará ọkọ gidi wọlé.

Mi ò lè sọ bí a ṣe jáde. Bàtà mi kan wà níbẹ̀ títí dòní. Mo pe Thandi lórí fóònù. Ó ní, "Fọ́tíìnì ni mo wí, kì í ṣe fọ́tì!"

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Ìyàwó kejì lo fẹ́ fẹ́ fún mi? Bọ́ sílẹ̀!" Ìdí róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí mọ́tò lójú pópó, ló já mi sí. Mo wọ tákísì padà sí Hillbrow, gbogbo èrò ń wo ẹsẹ̀ mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi nìkan lọ bá bàbá ní nọ́ńbà fọ́tíìnì. Mo jẹ́wọ́ pé mi ò lówó, pé ẹni tó máa rà á ni mo lè bá a wá. Mo tún jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ Sátidé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Ìwọ ni? Àwọn aládùúgbò mi ní wèrè méjì ló wá."

Ó buwọ́ lu ìwé àdéhùn fún mi. Nọ́ọ̀sì kan ló ra ilé náà níkẹyìn, ohun tó kàn mí sì ni mo fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí kò lówó, òótọ́ ẹnu rẹ̀ ni kó fi ṣòwò, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dọ̀yọ̀, ojú sì tún ń tì mí.